Ìdámẹ́rin Ọmọ

"Ẹ tún fún un ní ìka mìíràn, mà."

Ìbídùn Ọmọ́tẹ̀yìnwá na ìka kẹrin sí ẹnu Atọ́wò. Abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ náà gún un, ó fa ẹ̀jẹ̀ bíńtín mu, ó sì pa ẹnu dé. Ìka mẹ́ta tó ti gún ṣáájú ṣì ń ta Ìbídùn. Ó ká wọn mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ní òdìkejì gíláàsì, akọ̀wé tí wọ́n rán orúkọ rẹ̀, Ṣẹ́gilọlá, mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí yóò jáde.

KÌ Í ṢE ỌMỌ. ÌJỌRA: MẸ́Ẹ̀Ẹ́DỌ́GBỌ̀N NÍNÚ ỌGỌ́RÙN-ÚN.

"Ẹ ò rí i báyìí, mà? Ìka kọ́ ló fà á."

"Láti ìka àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún yín pé ìka kọ́ ló fà á. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa kó ìka wá."

"Ẹ̀rọ ní ẹ kì í ṣe ọmọ olóògbé."

"Ta ló wá bí mi?"

Ṣẹ́gilọlá tún wo ojú ẹ̀rọ. Ìbéèrè yẹn kò sí lára ohun tí Ilé Ìran, ọ́fíìsì tó ń wádìí ẹni tó bí ẹni, ní kí ó máa dáhùn.

Ọjọ́ Ajé ni Ayédọ̀tun, bàbá Ìbídùn, kú sórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ tán tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Òní ni Ọjọ́rú. Òkú rẹ̀ wà ní ilé yìnyín ní ìsàlẹ̀ òpópónà, wọ́n sì ti so àmì pupa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Orí àpáta ni Òkè-Àṣàlà, ìlú wọn, wà. Ilẹ̀ tí ọkọ́ lè wọ̀ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ní ọmọ tí ẹ̀rọ jẹ́rìí sí ni wọ́n ń wá ibojì fún. Òkú tí ọmọ kò bá gbà títí di aago mẹ́rin ọjọ́ kẹta di ti Ilé Ìyọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná àti oògùn yọ́ ènìyàn, tí wọ́n sì ń da omi náà sí oko. Ọ̀pọ̀ ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ayédọ̀tun ò gbà. Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí. Òkun gba ilé bàbá rẹ̀, ó gba ilé ìwé rẹ̀, ó gba ibojì ìyá rẹ̀. "Omi ti jẹ mí yó," ló máa ń sọ. "Bí mo bá kú, ẹ má fi mí fún omi."

Aago ara ògiri ní ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ti àlejò." Ṣẹ́gilọlá ti fọ́ọ̀mù kan gba abẹ́ gíláàsì. "Ẹ kàn buwọ́ lù ú. Láàárín wákàtí kan wọ́n á gbé wọn fún yín, wọ́n á sì fún yín ní ibojì àánú."

Ìbídùn kà á. *Èmi tí mo buwọ́ lu ìwé yìí kì í ṣe ọmọ olóògbé. Àánú ni mo fi ń sin ín.*

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn kí ni, mà?"

"Lẹ́yìn tí mo bá ti buwọ́ lù ú. Orúkọ bàbá mi ni mo fi ń gbé orí òkè yìí. Orúkọ rẹ̀ náà ni Ẹniọlá ọmọ mi fi ń lọ sí ilé ìwé. Bí mo bá kọ ọ́ pé kì í ṣe bàbá mi, kí la dà?"

Ṣẹ́gilọlá wẹ̀yìn kí ó tó fèsì. "Ẹ ó di àlejò, mà. Ọdọọdún ni àlejò ń tún ìwé ṣe. Bí àyè bá wà, wọ́n á jẹ́ kí ẹ dúró."

"Bí àyè ò bá sí?"

"Wọ́n á ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ìsàlẹ̀ ni omi wà. Ìbídùn dá fọ́ọ̀mù náà padà, ó ní òun fẹ́ rí ọ̀gá.

Wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ó jókòó. Wọ́n pe nọ́ńbà tó ṣáájú tirẹ̀, wọ́n pe èyí tó tẹ̀lé e, wọn ò pe tirẹ̀. Nígbà tó lọ béèrè, wọ́n ní nọ́ńbà aláwọ̀ ewé ló mú, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ ọsàn ni àwọn tó fẹ́ rí ọ̀gá ń mú. Ó lọ mú aláwọ̀ ọsàn. Ó tún jókòó. Kí wọ́n tó pè é, aago kan ti lù.

Ọ̀gbẹ́ni Adérìn, ọ̀gá Ilé Ìran, kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ohùn náà gan-an ló sì ń bí Ìbídùn nínú jù.

"Ẹ kọ ẹ̀hónú yín wá, Ìyáàfin. Ẹ̀tọ́ yín ni. A ó yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ mọ́kànlá."

"Aago mẹ́rin òní ni wọ́n máa yọ́ bàbá mi."

"Ẹni tó ti kú kì í kánjú."

Ìbídùn gbé fọ́tò kan sórí tábìlì. "Ọ̀gá, ẹ wo iwájú orí rẹ̀. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀. Ẹ wá wo tèmi." Ó la ẹnu sílẹ̀ níwájú ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Ojú tì í bó ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ọ̀gbẹ́ni Adérìn ò tilẹ̀ bojú wo fọ́tò náà. "Òfin ti yọ ojú kúrò nínú ẹ̀rí, Ìyáàfin. Ojú máa ń tanni jẹ. Okùn ìran kì í tanni."

"Ẹni tó kà á ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ló kà á."

"Mo mọ ẹ̀rọ, ọ̀gá. Ọdún kọkànlá mi rèé ní Ilé Irúgbìn. Okùn ẹ̀gẹ́ àti ti iṣu ni mò ń kà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí àrùn má bàa wọ oko tí gbogbo wa ń jẹ."

"Mo rí i lára káàdì yín." Ó fi bírò tọ́ka sí àyà Ìbídùn, níbi tí ìwé-àṣẹ rẹ̀ kọ́ sí. IRÚGBÌN NÌKAN ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí i. "Ẹ̀gẹ́ lẹ lè kà. Ẹ ò lè ka ènìyàn. Ẹ sì mọ ìyà tó wà fún un."

Ó mọ̀ ọ́n. Nígbà kan rí, àwọn tó mọ okùn kà ń ta àṣírí kiri ìlú: ta gan-an ló bí ọmọ lágbájá, àìsàn wo ló ń bọ̀ lára tàmẹ̀dò. Ilé tú, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ pa ènìyàn méjì. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ nìkan ló ń ka ènìyàn. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ kà á yóò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì lọ lo ọdún kan ní ìsàlẹ̀, nídìí iṣẹ́ kíkó òkúta dí ẹnu omi.

Ohun kan ṣoṣo ló rí gbà kúrò níbẹ̀. Òfin ní ẹni tí ẹ̀rọ bá kọ̀ lè gba lẹ́tà rẹ̀ lórí ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Adérìn buwọ́ lù ú kíá, bí ẹni fún ọmọdé ní ohun ìṣeré kó lè dákẹ́.

Ṣẹ́gilọlá tẹ ìwé náà jáde fún un. Ìlà méjì ni, ọgọ́ta lẹ́tà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà òkè jẹ́ ti Ayédọ̀tun, èyí tí wọ́n gbà lára rẹ̀ ní àgọ́ ọkọ̀ ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kọ́kọ́ kó àwọn ará etí òkun dé. Ìlà ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Ìbídùn. Gbogbo ọmọ ló ń gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá àti ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Atọ́wò mọ bó ṣe ń ya ìdajì ti bàbá sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni ìlà méjèèjì yẹ kó ti dọ́gba.

Wọn ò dọ́gba. Ìlà bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: C C A T G C. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: A A G T C T.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ fèrèsé, ó gbé ìwé náà lé orúnkún. Nínú ọkàn rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ. Bóyá ìyá òun, tó ti kú tipẹ́, ní àṣírí kan. Èrò náà wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun fi àyè gbà á, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Ó wá wo iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdámẹ́rin.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ló wà nínú okùn ìran, tí àwọn àgbà ń pè ní DNA: A, T, G, àti C tí kò sí nínú ábídí Yorùbá. Bí ènìyàn bá di ojú, tó ń fọwọ́ fa lẹ́tà yọ nínú àpò, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò ṣe kòńgẹ́ èyí tó ń wá. Àfọwọ́bà lásán ni ìdámẹ́rin. Ẹni tí kò bá ọ tan rárá, tí wọ́n bí ní òkè òkun, ìwọ àti òun yóò jọra ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí pé ènìyàn ni ẹ̀yin méjèèjì. Ewúrẹ́ pàápàá yóò jọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bọ́ síwájú gíláàsì. "Ẹ̀rọ yín ò sọ pé n kì í ṣe ọmọ bàbá mi o," ó wí. "Ohun tó ń sọ ni pé n kì í ṣe ènìyàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ padà lọ jókòó. Àwọn ènìyàn wà lórí ìlà."

Ó padà. Ó tọrọ bírò lọ́wọ́ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé láti ibi tí bírò bá ti kan ìwé ni ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn bo ojú ẹ̀rọ ìṣọ́ tó wà lára àjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Okùn kan ni gbogbo ìlú ń pè é, ṣùgbọ́n okùn méjì ni. Ó dà bí àkàsọ̀ tí ènìyàn di orí àti ìdí rẹ̀ mú, tó wá lọ́ ọ títí. Ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ náà méjèèjì jẹ́ ṣúgà àti fọ́sífétì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Àwọn igi ìdábùú àárín ló ni ọ̀rọ̀. Lẹ́tà méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú ni igi kọ̀ọ̀kan. A kì í bá ẹlòmíràn lọ àfi T; ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. G kì í bá ẹlòmíràn lọ àfi C. Ọwọ́ mẹ́ta ni tiwọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti rí apá kan àkàsọ̀ náà ti mọ ohun tó wà ní apá kejì láìtíì rí i.

Apá wo wá ni wọ́n kà lára bàbá òun ní àgọ́ ọkọ̀? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ka apá kan, tí Atọ́wò tòní ń ka èkejì ńkọ́?

Ó fi ẹnìkejì rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ìlà bàbá rẹ̀. C di G. C di G. A di T. T di A. G di C. C di G. Ó kọ ọgọ́ta pé, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

G G T A C G. A A G T C T.

Wọn ò dọ́gba. Ọ̀kan péré ló ṣe kòńgẹ́ nínú mẹ́fà yẹn. Ó tún kà á, ó tún un kà títí dé òpin. Ìdámẹ́rin náà ni.

Ó rún ìwé náà mọ́ ọwọ́. Kò sunkún. Obìnrin tó yá a ní bírò rọra béèrè bóyá ó fẹ́ omi. Ó ní rárá, ó sì gbọ́ pé ohùn òun le jù, ó tọrọ àforíjì. Aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó rò ó pé òun yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù àlejò. Bàbá ò mọ̀, ilẹ̀ ni yóò ṣáà wọ̀. Bí wọ́n bá sọ òun àti Ẹniọlá kalẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Ó dìde. Ó tilẹ̀ ti rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbà yẹn ni inú tún bí i, kì í ṣe sí ẹ̀rọ, sí ara rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀gẹ́! Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní ló ti gbàgbé. Apá méjèèjì àkàsọ̀ náà kì í kọrí sí ọ̀nà kan. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni méjì tó pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà tí okùn bá kọrí sí sì ni ẹ̀rọ ń tọ̀ kà á. Ìbẹ̀rẹ̀ apá kan ni òpin apá kejì.

Ó tẹ́ ìwé rírún náà sórí orúnkún, ó fọwọ́ nà án. Ìdí ìlà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ìlà bàbá rẹ̀ ni A G A C T T. Ó fi ẹnìkejì rọ́pò wọn: T C T G A A. Ó wá kà wọ́n padà sẹ́yìn.

A. A. G. T. C. T.

Ó ń fi ìka ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé wọn lọ títí ó fi dé ọgọ́ta. Kò sí ẹyọ kan tó yẹ̀.

Ó dúró síwájú gíláàsì, ó fi ìwé náà lẹ̀ mọ́ ọn. "Apá kejì ni wọ́n kà ní àgọ́ ọkọ̀," ó wí. "Ẹ yí i padà, kí ẹ sì kà á láti ìdí wá sí orí. Èmi àti bàbá mi dọ́gba."

Ojú Ṣẹ́gilọlá yí padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá mi, ẹ ti kà á? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti kà á."

"Mo ti kà á."

"Kò yẹ kí ẹ sọ ọ́ létí mi. Ó ti di dandan kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ dá mi lóhùn ná. Àwọn tí ẹ̀rọ kọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ló ń kọ fún gbogbo wọn?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn, mà. Òmíràn máa ń jẹ́ àádọ́rùn-ún ó lé díẹ̀. Àwọn yẹn, wọn kì í jà. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́, bí ẹni tó ti fura tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa ń…" Ó dánu dúró.

"Wọ́n máa ń ṣe kí ni?"

"Wọ́n máa ń sunkún," Ṣẹ́gilọlá wí. "Wọ́n máa ń bú mi. Ará àgọ́ ọkọ̀ ni gbogbo wọn." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì bí ẹni pé tábìlì náà gbóná. Ó ní, "Bọ́tìnnì kan wà. KA APÁ KEJÌ. Láti ọjọ́ tí mo ti débí, n kò tẹ̀ ẹ́ rí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á béèrè orúkọ ẹni tó ní kí a yí i. Kò lè jẹ́ orúkọ akọ̀wé. Orúkọ ẹni tó kà á ni."

Aago mẹ́ta ti lù, ó sì ti lé ogún ìṣẹ́jú. Ìbídùn wo káàdì àyà rẹ̀. Ó ronú kan Ilé Irúgbìn ní òwúrọ̀, òórùn ewé tútù, àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a du. Ó ronú kan ọdún kan ní ìsàlẹ̀, àti Ẹniọlá lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọdún kan. Ọdún kan yóò parí. Ìwé tó ní Ayédọ̀tun kò bímọ kò ní parí láéláé.

"Ẹ kọ ọ́," ó wí. "Ìbídùn Ọmọ́tẹ̀yìnwá. Ẹ kọ ọ́ kó pé."

Ṣẹ́gilọlá kọ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì náà. Atọ́wò kùn fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́.

ỌMỌ NI.

Ẹ̀rọ náà tẹ ìwé-àṣẹ òkú jáde fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé yìnyín. Ní ìṣẹ́jú kan náà, ó fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Kí Ìbídùn tó dé ẹnu ọ̀nà, Ọ̀gbẹ́ni Adérìn ti bá a. Ó ti sáré. Ó ń mí gúlegúle, ohùn rẹ̀ ò sì rọ̀ mọ́.

"Ìyáàfin, ẹ dúró. A lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kàn kọ ọ́ pé àṣìṣe ẹyọ kan ni, lórí ìwé bàbá yín nìkan. Èmi fúnra mi á pa ẹ̀sùn yẹn rẹ́. Ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe."

"Ènìyàn mélòó ni wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn kà ní àgọ́ ọkọ̀?"

Kò fẹ́ sọ. "Ó dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin."

"Mélòó nínú wọn lẹ ti yọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ ká sọ fún àwọn ọmọ wọn?" Ọ̀gbẹ́ni Adérìn dáhùn, ó sì dà bí pé ó ń béèrè lóòótọ́. "Tí a bá sọ fún wọn, ṣé a lè kó omi jọ padà?"

Ìbídùn wò ó. Láti ọ̀sán ló ti ń ka ohun tí yóò sọ fún ọkùnrin yìí sínú. Èébú pọ̀ nínú rẹ̀. Kò rántí ọ̀kankan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin lù.

"Ẹ kúrò lọ́nà," ó wí. "Mo fẹ́ lọ gbé bàbá mi."

Bó ti ń jáde, ó rí i pé Ṣẹ́gilọlá ti fa aṣọ bo fèrèsé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà àwọn tó ń dúró ṣì gùn dé àtẹ̀gùn.

Ibojì tí wọ́n fún un wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn òkè, níbi tí ilẹ̀ pupa díẹ̀ ti ràn mọ́ àpáta. Agbẹ́lẹ̀ méjì gbẹ́ ẹ tí kò jìn. Ọkọ́ ń kan òkúta lábẹ́. Aládùúgbò wọn mú Ẹniọlá wá nínú aṣọ ilé ìwé. Ìbídùn ò ní pásítọ̀, kò sì sí àyè láti pe ẹnikẹ́ni. Ó kọ orin tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ tó bá ń fá irùngbọ̀n, ìlà méjì péré ló mọ̀ nínú rẹ̀, ó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bu erùpẹ̀. Erùpẹ̀ náà gbẹ. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe gbẹ tó, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹkún tí kò sun láti ọ̀sán já bọ́.

Nígbà tó gbójú sókè, ọlọ́pàá kan dúró lẹ́bàá àpáta. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni, ó ti ṣí fìlà, ó há a mọ́ abíyá, ó sì hàn pé ó ti pẹ́ tó ti dé. Kò súnmọ́ wọn títí àwọn agbẹ́lẹ̀ fi kó ọkọ́ wọn lọ, tí aládùúgbò sì ti mú Ẹniọlá ṣáájú lọ sílé.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà," ó wí. "Sájẹ́ǹtì Ikúẹ̀sán ni mí. Ẹ mọ ohun tí mo bá wá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fọ ọwọ́ mi."

Kò mú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ jáde. Ó kì ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ ìwé kan tó fi ọ̀rá wé. Ó ti gbó lójú ibi tí wọ́n ń ká a sí. "Ọdún mẹ́rin rèé," ó wí. "Wọ́n ní n kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Wọ́n ní mo lè gba lẹ́tà mi, mo sì gbà á. N kò mọ ohun tí mo lè fi ṣe. Mo kàn ń gbé e kiri."

Ìlà méjì. Ọgọ́ta, ọgọ́ta. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

"Níbo ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ìyá yín?"

"Ní àgọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ kejì ni wọ́n bá dé."

"Ẹ ní bírò?"

"Mo ní in." Kò tíì fà á lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn o, mà. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìbídùn jókòó sórí òkúta. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán. Ìmọ́lẹ̀ tó kù ṣì tó láti fi kàwé. Sájẹ́ǹtì Ikúẹ̀sán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo bí wọ́n ṣe ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ìbídùn ò yára. Ó kà á dópin, ó sì tún un kà, nítorí pé kò fẹ́ kí àṣìṣe kankan wà nínú ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ.

"Ọmọ wọn ni yín," ó wí.

Ọkùnrin náà gba ìwé rẹ̀, ó ká a, ó fi ọ̀rá wé e padà, ó fi sínú àpò. Ó dìde dúró. Nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n wà, àwọn oko tí wọ́n là sí ara òkè bí àtẹ̀gùn tẹ́ lọ títí dé ibi tí ìkùukùu ti bò wọ́n: oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo, oko ẹ̀fọ́. Omi alẹ́ ti ń ṣàn wọ inú wọn láti ojú ọ̀pá.

"Ilé Irúgbìn lẹ ti ń ṣiṣẹ́," ó wí nígbà tó yá. "Ṣé ẹ lè mọ oko tí wọ́n da ìyá mi sí?"

Ìbídùn wo àwọn oko náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò mọ̀ ọ́n.